Àwọn Tí Wáyà Kò Yí Ká

Bàbá tó bí Ọmọ́yẹlé ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní abúlé kan lẹ́yìn Botro, ìlú kékeré kan nítòsí Bouaké. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ilẹ̀ Gánà ló ti ń ṣòwò kí wọ́n tó lé àwọn àjòjì jáde lọ́dún 1969. Nígbà tó dé Bouaké, ní orílẹ̀-èdè tó múlé gbe Gánà, ìlú ti kún fún oníṣòwò, ló bá di iyọ̀, abẹ́rẹ́ àti epo òyìnbó rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó wọ ìgbèríko lọ. Àwọn Baoulé, ẹ̀yà tó ni abúlé náà, fún un nílẹ̀. Ó fi amọ̀ mọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi koríko bò ó, ó ń wàásù ní Yorùbá, ẹnìkan sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn onílẹ̀. Wọn ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí àbúrò Ọmọ́yẹlé obìnrin, tó ṣì kéré, fi kú. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sin ín sí, bí itẹ́ òkú ibẹ̀ sì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, bàbá náà ra wáyà láti fi ṣe ọgbà. Wáyà ò tó. Ó fi yí ibojì àwọn àgbà ká, ó ní òun á ra òmíràn fún apá tàwọn ọmọdé. Kò rà á títí ó fi kú. Ẹ̀yìn wáyà làwọn ọmọdé wà, láìsí sìmẹ́ńtì, láìsí orúkọ, àfi òkìtì kéékèèké tí òjò ń wó lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ọmọ ìjọ ń ṣí lọ sí Bouaké lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìjọ abúlé fi tú. Lọ́dún tó kọjá, ìjọ ìlú pinnu pé àwọn á ta ilẹ̀ tó yí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà ká fún ọkùnrin kan tó ń gbin kajú, Issa lorúkọ rẹ̀. Nínú ìpàdé, alága bi Ọmọ́yẹlé pé níbo ni itẹ́ òkú parí sí, nítorí òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ẹni tó dá ìjọ sílẹ̀. Ìyá àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni, orúnkún ń dùn ún, ìpàdé náà sì ti gùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ àwọn ọmọdé, wọn á ní kóun tẹ̀ lé àwọn lọ sábúlé lọ fi ibẹ̀ hàn.

"Ibi tí wáyà dúró sí náà ni," ló wí.

Alága dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan tó kàn ń ròyìn abúlé pé katakata tí Issa fi ń ro oko ti wọ ilẹ̀ náà. Ọmọ́yẹlé jókòó sáàárín àwọn ike tó ń tà lọ́jà. Kì í ṣe àbúrò rẹ̀ nìkan ló wà lẹ́yìn wáyà. Moustapha, ọmọ Sèfíyátù, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ará àdúgbò Koko ní Bouaké ni Sèfíyátù àti Tàjúdínì ọkọ rẹ̀, Mùsùlùmí ni wọ́n. Nígbà ogun ọdún 2002, ìdílé wọn àti ti Ọmọ́yẹlé jọ sá lọ sábúlé náà ni. Ibà mú Moustapha lójú ọ̀nà, abúlé náà ló sì kú sí. Ọ̀nà ti dí, kò sí itẹ́ òkú Mùsùlùmí nítòsí. Bàbá Ọmọ́yẹlé fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, ó ní ilẹ̀ kì í bi ọmọdé pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe. Tàjúdínì kírun sí ọmọ rẹ̀ lára. Ọmọ́yẹlé ló di Sèfíyátù mú kó má baà ṣubú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí katakata ti ro ilẹ̀ náà tí Sèfíyátù wá sọ́jà. Ó ní Salimata, ọmọbìnrin tóun bí lẹ́yìn ogun, ti ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí Abidjan, ó sì fẹ́ rí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn sí kó tó lọ. Ó ní Ọmọ́yẹlé, tóun ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ni yóò mú àwọn débẹ̀. Ọmọ́yẹlé ní orúnkún ń dun òun. Nígbà tó tún padà wá, Ọmọ́yẹlé ní òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Sèfíyátù lọ ra oògùn ìpara, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú ìsọ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á sí orúnkún náà. Ọmọ́yẹlé ní àwọn á lọ.

Wọ́n wọkọ̀ dé Botro, wọ́n gun alùpùpù dé abúlé. Òrùlé páànù tí wọ́n padà fi bo ṣọ́ọ̀ṣì ti dípẹtà. Ọmọ́yẹlé ní káwọn kọ́kọ́ wọlé jókòó. Salimata nu eruku bẹ́ǹṣì fún wọn, ibẹ̀ ni ìyá àgbà náà ti sọ gbogbo rẹ̀: ìpàdé, ìbéèrè alága, èsì tóun fún un, àti katakata.

Sèfíyátù ò sunkún. Ó kọjú sí Ọmọ́yẹlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbàgbé ni, àbí ẹ rántí?"

Ó rọrùn láti ní òun gbàgbé. Ta ni yóò bá arúgbó jà nítorí ìgbàgbé? Sèfíyátù fúnra rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn ìyẹn fún un, ó kù kó wọlé.

"Mo rántí," ni Ọmọ́yẹlé wí. "Gbogbo wọn ni mo rántí. Ìyọnu rẹ̀ ni mi ò fẹ́."

Salimata dìde, ó jáde. Àwọn méjèèjì tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n bá, àwọn ọ̀dọ́ igi kajú sì tò lọ láti ìdí wáyà. Issa wá bá wọn láti ibi ahéré rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ṣí fìlà. Ó fi Dioula, èdè ọjà ibẹ̀, sọ pé bóun bá ti mọ̀, òun ì bá tí jẹ́ kí ohunkóhun kan ibẹ̀, ó wá béèrè ta ló sọ fún ìjọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ́yẹlé nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Issa wò ó. Ó kàn ní kí wọ́n fi ojú ibẹ̀ gan-an han òun, kóun lè fa kajú ibẹ̀ tu.

Ọmọ́yẹlé rìn lọ, ó rìn bọ̀. Wọ́n ti gé igi máńgòrò tó fi ń dá ibẹ̀ mọ̀. Ó nàka síbì kan, ó tún fà á padà.

"Tàntí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú," ni Salimata ń wí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́, ọmọ mi."

Sèfíyátù ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ó kọjú sí gbogbo oko náà, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń ṣàdúà, ọmọ rẹ̀ dúró tì í. Ọmọ́yẹlé ò mọ̀ bóyá ó yẹ kóun bá wọn dúró. Ìdí wáyà ló wà títí wọ́n fi parí.

Issa fa kajú tu láti ìdí wáyà títí kan ọ̀nà odò. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ọmọ́yẹlé dìde nínú ìjọ, ó jẹ́wọ́. Alága tù ú nínú, ó ní bí ọjọ́ ogbó ti rí nìyẹn, ìgbàgbé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ́yẹlé ní rárá, òun rántí. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá orin. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin ń dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n ń sọ fún un pé Ọlọ́run ti dárí jì í. Ì bá ti dùn mọ́ ọn bí ẹnìkan nínú wọn bá lè bínú.

Nígbà tí ọdún Iléyá dé, ẹran dé láti Koko, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dé lọ́dọọdún. Tẹ́lẹ̀, Sèfíyátù fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e wá, á sì jókòó títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Lọ́tẹ̀ yìí, Tàjúdínì ọkọ rẹ̀ ló rán wá. Ọkùnrin náà ní Ìyá Salimata kí i. Kò jókòó.

Ọmọ́yẹlé se ẹran náà. Nígbà tó jinná, kò lè jẹ ẹ́, kò sì lè fún ẹlòmíràn. Ó ń gbé e kaná lárààárọ̀ kó má baà bàjẹ́.