Màmá Gbọ́dọ̀ Kú Lónìí

"Mo ti gbọ́ yín, sà. Màmá gbọ́dọ̀ kú lónìí. Wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀, ojú oorun ni wọ́n máa gbà lọ."

Òǹkọ̀wé wa fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó ń fọ abọ́. Olóòtú ìwé rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti fi ìtàn náà ránṣẹ́ ni ọkùnrin yìí ń dá a padà, ẹjọ́ kan náà ló sì ń rò: ìyá ọkọ inú ìtàn ti pẹ́ jù láyé. Bí ìparí tuntun ò bá dé kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì, ìwé ẹlòmíì ni wọ́n máa tẹ̀. Ó tiẹ̀ ti kọ ikú náà sílẹ̀, kò kàn láyà láti fi í ránṣẹ́ ni.

Nígbà tó yíjú padà, ìyá ọkọ tirẹ̀ gan-an ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé agbọ̀n aṣọ dání. Wọ́n gbé agbọ̀n kalẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì fa àpótí wọn yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó sáré tẹ̀ lé wọn tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. "Màmá, ìtàn ni o! Ìyá inú ìwé ni mò ń sọ!"

"Mo gbọ́. Inú ìwé."

"Ẹ gbà mí gbọ́, mà. Ẹni tí kò sí níbì kankan ni."

Màmá ká búláòsì kan sínú àpótí. "Ìyàwó mi, mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ mo gbọ́ Yorùbá. Ẹni tí kò sí níbì kankan, ṣé 'wọ́n' lò ń pè é? 'Wọn ò ní mọ̀.' 'Wọ́n máa gbà lọ.' Ta ló ń bọ̀wọ̀ fún bébà?"

Obìnrin tó fi ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́ òòjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì jẹun níbẹ̀ rí, mọ̀ pé òótọ́ ni. Gbogbo èèyàn inú ìtàn náà ló ń pè ní "ó", títí kan adájọ́ àgbà. Ìyá yìí nìkan ni ẹnu rẹ̀ kọ̀, nítorí Màmá ló ń wò kọ ọ́: bí wọ́n ṣe máa ń wúkọ́ kí wọ́n tó wọlé, bí wọ́n ṣe máa ń yọ ẹran tiwọn sínú abọ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Bí Màmá bá gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde nílé, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó máa dá wọn padà. Kí ló sì máa wí fún ọkọ rẹ̀? Pé olóòtú ló ní kóun pa ìyá rẹ̀? Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rù ò jẹ́.

"Ẹ̀yin ni, mà," ó wí, ó kúnlẹ̀. "Mi ò ní purọ́. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. Tó bá parí tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ lọ, èmi fúnra mi ni màá gbé àpótí yín."

Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń kà á látinú fóònù. Níbi tí ìyá náà ti bá dókítà jà, Màmá ní irọ́ ni, àwọn ò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ikú. Ìyàwó inú ìtàn wọlé láàárọ̀, ó fọwọ́ kan ìyá, ara ti tutù. Omijé díẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀, ó sì lọ pe ọkọ rẹ̀.

"Ó tán?"

"Ó tán, mà."

"Lọ́jọ́ tí mo bá kú, bó o ṣe máa sunkún mi nìyẹn?"

Ẹkún ti gbé e, ẹkún gidi, èyí tó ń gba imú jáde. Fóònù ń dún lọ́wọ́ rẹ̀, olóòtú ni, kò dá a lóhùn. Màmá wò ó títí, wọ́n fi etí ìró wọn nu ojú rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ní. "Èyí ni kó o kọ."