Yàrá Tí A Tún Ṣe De Akọ̀wé

Ọmọ Aránṣọ pé ọdún mẹ́rin, kò tíì lè dìde dúró. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń rìn. Orí ìjókòó ló ti ń pàṣẹ fún tọmọdé tàgbà, ni wọ́n bá ń pè é ní Ọ̀gá.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ìjọba, níbi tí obìnrin kan ti ń na ẹsẹ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju "nà án, nà án" lọ, làwọn ìyá fi sọ ọ́ ní Àǹtí Nà-Án. Ọwọ́ rẹ̀ ni Ọ̀gá wà tó fi kọ́kọ́ di irin ara ògiri mú, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró. Aránṣọ, ìyá rẹ̀, sunkún lọ́jọ́ náà títí ọmọ fi ní kó dákẹ́.

Ìgbà tó yá, wọ́n ní ìjọba fẹ́ dín ìnáwó kù. Akọ̀wé kan láti ọ́fíìsì ètò ìṣúná ń bọ̀ wá wo yàrá náà, láti mọ̀ bóyá kí wọ́n ṣì máa sanwó fún Àǹtí Nà-Án.

"Àlejò ń bọ̀," ni Onídìrí wí, ìyá ọmọkùnrin kan níbẹ̀. "Ṣé inú ẹrẹ̀ yìí ló máa bá wa?"

Wọ́n fọ ògiri. Aránṣọ rán aṣọ tuntun bo ibùsùn tó ti ya. Onídìrí kó àga wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n gbé korobá tí wọ́n fi ń gbe omi òjò tó ń jò láti òrùlé pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí a ṣe tọ́ wọn nìyẹn: a kì í fi ìhòòhò ilé han àlejò.

Akọ̀wé dé, ó yí ojú ká. "Ta ló ṣe gbogbo èyí?"

"Àwa ni, sà," Onídìrí dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àwa kì í dúró de ìjọba ká tó gbálẹ̀."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín.

Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni Aránṣọ wà nígbà tí rédíò sọ ọ́. Níbi tí ará ìlú bá ti lè ran ara wọn lọ́wọ́, ìjọba yóò yọwọ́. Owó tó bá ṣẹ́kù, wọn yóò fi ṣe omi tí yóò máa tú sókè níwájú ilé ìgbìmọ̀. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti dá Àǹtí Nà-Án dúró, wọ́n sì ti yàrá náà pa.

Orúnkún Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Aránṣọ pọ̀n ọ́n, ó di ọ́fíìsì akọ̀wé.

"Màmá, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹ kì í dúró de ìjọba."

"Ẹni tó wẹ̀ kó tó lọ rí dókítà, ṣé ó ti sọ pé ara òun yá?"

Akọ̀wé ń ṣí ìwé kiri. "Owó ọdún yìí ti níbi tó ń lọ."

"Mo gbọ́. Omi ló ń lọ mu."

"Bọ̀ọ̀dá," ni Ọ̀gá wí, "ẹ gbé àga yẹn wá, kí n dì í mú."

Akọ̀wé gbé e wá láìmọ ìgbà tó dìde. Ọmọ náà di àga mú, ó gbìyànjú. Orúnkún rẹ̀ kọ̀, kò nà. Ó jókòó sílẹ̀ gbì, kò sì pàṣẹ kankan mọ́.

"Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀," ni akọ̀wé wí, kò wo ilẹ̀ níbi tí ọmọ jókòó sí.

"Ṣé ẹ ti bá iṣan ọmọ mi sọ ọ́, pé kó dúró dè yín?"

Aránṣọ gbé ọmọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀ náà bó ṣe rí i lọ́wọ́ Àǹtí Nà-Án. Ọmọ figbe bọnu. Àwọn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣí níkọ̀ọ̀kan.

Akọ̀wé sáré jáde. "Màmá, ibí kọ́ la ti ń ṣe é."

"Ẹ ti ibi tí a ti ń ṣe é pa," ni Aránṣọ wí, kò gbójú sókè. "Ẹ bá mi di ẹsẹ̀ kejì mú."