Báàgì Méjì Tó Jọra

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àjọ wa àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé àjọṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi bi mí pé, "Ṣé o ti yẹ báàgì wò?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n sinmi. Iṣẹ́ mi ni."

"Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o."

Bàbá mi ló ń fọ jẹ́sì fún ẹgbẹ́ náà láti ọdún mọ́kànlélógún. Bàbá Jẹ́sì ni wọ́n ń pè é. Òun ló bẹ ọ̀gá wọn kí wọ́n tó gbà pé kí àjọ aláàánú wa máa fi áńbúláǹsì tẹ̀ lé wọn, kí èmi sì kọ́ wọn ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìyẹn gan-an ló ń ká mi lára. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé nítorí bàbá mi ni mo ṣe débẹ̀. Ìkánjú ni mo fi gbé báàgì kan nínú méjì tó jọra tó wà nínú áńbúláǹsì, mo sì sáré wọ pápá.

Mo tẹ́ ọmọlangidi tá a fi ń kọ́ni sílẹ̀, mo ní kí gólì wọn tẹ̀ ẹ́ láyà. Géńdé tó ga báyìí, ó wá ń fọwọ́ pa á bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ṣé ò ń bẹ̀ ẹ́ ni? Tẹ̀ ẹ́!"

Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó gbé apẹ̀rẹ̀ jẹ́sì dání. Lójijì ó fọwọ́ di àyà, ó ṣubú lulẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Aláwàdà ni bàbá mi, wọ́n rò pé ara ẹ̀kọ́ ni. Mo sáré débẹ̀, mo pè é, kò dáhùn, kò sì mí.

"Kì í ṣe eré o!"

Mo fa ẹ̀rọ tó ń fi iná jí ọkàn jáde nínú báàgì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà. Ẹ̀rọ náà ní kí n tẹ bọ́tìnì. Mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ò mira. Ìgbà yẹn ni mo rí àmì kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà: èyí tá a fi ń kọ́ni ni. Kò níná kankan nínú. Ojúlówó wà nínú áńbúláǹsì lẹ́nu géètì, níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò ìtọwọ́bọ̀wé. Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà yẹn, ǹ bá kó wọ ibẹ̀.

"Báàgì kejì! Nínú áńbúláǹsì!"

Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Ìjì ti bẹ́ sí eré. Gólì kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa kà fún mi."

Mo ń kà, ó ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ bí eegun ìhà bàbá mi ṣe ṣẹ́. Gólì gbójú sókè, ẹ̀rù ti bà á.

"Má dúró! Mo bẹ̀ ẹ́, má dúró!"

Mo ti ka ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí Ẹsẹ̀ Ìjì tó gbé báàgì kejì dé. Mo lẹ ojúlówó mọ́ ọn láyà, mo tẹ bọ́tìnì. Tọ̀tẹ̀ yìí, ara bàbá mi ta gìrì. Gólì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, mo tún ń kà, títí bàbá mi fi wúkọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó lajú nílé ìwòsàn.

"Ìhà ń dùn mí. Ta ló gùn mí mọ́lẹ̀?"

"Gólì ni."

"Èyí tó ń rẹ ọmọlangidi lẹ́kún?"

Mo rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Ó wò mí lójú.

"Ṣé o yẹ báàgì wò láàárọ̀ àná?"

Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un. Mo lè purọ́.

"Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá."

Ó pajú dé. Ó di ọwọ́ mi mú gírígírí.

"Lọ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ọ̀la ni wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù."