Adìẹ Ti Fẹsẹ̀ Tẹlẹ̀

Alùfáà Yúnúsà ṣì wà láyé nígbà náà. Ìyá Láídé tó ń ta ẹ̀kọ létí ọ̀nà Akaka ṣì wà láyé, ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Ṣẹ̀rífù, ọkọ Wúlẹ̀mọ̀tù, náà ṣì wà, òun sì ni gbogbo agbègbè ń gbé eegun tó bá ṣẹ́ wá bá. Ẹni tó já bọ́ látorí ọ̀pẹ, ẹni tí ọ̀kadà gbá lọ́nà Simawa, ilé wọn ni wọ́n ń gbé e wá.

Bí bàbá Ṣẹ̀rífù ṣe ń ṣe é lòun náà ṣe ń ṣe é. Tó bá ti to eegun aláìsàn, tó fi ọparun dì í tán, á mú adìẹ kan, á dá a lẹ́sẹ̀, á to tiẹ̀ náà, á dì í. Ọjọ́ tí adìẹ yẹn bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ tó sì rìn, ọjọ́ náà ni wọ́n máa tú ẹsẹ̀ aláìsàn. Adìẹ ò purọ́ fún un rí. Àgbẹ̀ ń padà sóko, ọlọ́kadà ń padà sídìí ọ̀kadà rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wọn ni Kàúsárà, ọmọ Hàmdálátù ọmọbìnrin wọn, ń gbé, torí Èkó ni ìyá rẹ̀ wà. Ọmọ náà mọ eré í sá! Bí iyọ̀ bá tán, Kàúsárà ni. Bí wọ́n bá fẹ́ pe ẹnikẹ́ni lópin abúlé, Kàúsárà ni. Kí Wúlẹ̀mọ̀tù tó ṣa obì inú abọ́ tán, ó ti dé.

"Orogún mi, ta ló ń lé ẹ?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ rán mi, Ìyá àgbà."

Ṣẹ̀rífù á rẹ́rìn-ín látorí ẹní. "Má yọ ìyàwó mi lẹ́nu o. Ẹsẹ̀ yẹn ló máa gbé mi dé Mẹ́kà."

Nígbà tó yá, Ọ̀gbẹ́ni Jùwọ́n, tíṣà tó ń kọ́ wọn léré sísá nílé ìwé wọn ní Ṣàgámù, wá sọ fún wọn pé Kàúsárà máa sáré l'Ábẹ́òkúta. Ó ní àwọn ará yunifásítì máa wá wòran, ẹni tó bá gbégbá orókè, wọ́n á mú un, á kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Wúlẹ̀mọ̀tù tí wọ́n yọ nílé ìwé kó lè máa gbé obì kiri ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ ń dùn.

Àfi bí ojúgun ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Jùwọ́n mú wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan n'Ílíṣàn, Akínkúnmi lorúkọ rẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ le lẹ́nu Wúlẹ̀mọ̀tù, dókítà eegun ẹ̀yìn ló ń pè é. Ó da Kàúsárà dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, eegun dún kọ̀ọ́.

"Hẹn-ẹn!" ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí. "Bàbá wọn nílé náà ń ṣe èyí."

Akínkúnmi rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbàdí ọmọ ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan máa gbé ẹrù ẹsẹ̀ kejì. Ó ní òun á máa tún un ṣe, kí ìrora má baà padà wá, ó sì kọ́ ọ bí á ṣe máa na iṣan rẹ̀ lára ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo fọ́tò eegun ojúgun, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá, ó ti là. Ó tín-ín-rín bí irun, àmọ́ ó ti là. Bí kò tiẹ̀ dùn ún mọ́, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó sáré títí di ẹ̀yìn Iléyá."

Ti Abẹ́òkúta sì máa wáyé ṣáájú Iléyá.

Nígbà tí wọ́n délé, Ṣẹ̀rífù fi àtàǹpàkò wá ibẹ̀ kàn. "Dókítà yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀," ló wí. "Ó là lóòótọ́." Ló bá di ẹsẹ̀ náà, ó sì ní kí wọ́n mú adìẹ pupa kan wá. Kàúsárà fọwọ́ bojú nígbà tí ẹsẹ̀ adìẹ dún.

Láràárọ̀ ló ń béèrè látorí ẹní: "Ìyá àgbà, ṣé ó ti tẹlẹ̀?"

"Kò tíì tẹlẹ̀."

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, Abẹ́òkúta ti sún mọ́lé. Wúlẹ̀mọ̀tù ń fi ewé wé obì lẹ́yìnkùlé, adìẹ pupa dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tí wọ́n dá walẹ̀ láàárín ewé.

"Bàbá Hàmdálátù! Ẹ jáde wá! Ẹ wá wò ó, ó ti ń walẹ̀!"

Kàúsárà dìde jókòó. "Dókítà ní ẹ̀yìn Iléyá."

Ìyá Láídé tó ń gbé ẹ̀kọ kọjá dá sí i. "Dókítà wo? Bàbá yín ti ń to eegun kí wọ́n tó bí bàbá dókítà!"

Ṣẹ̀rífù wo adìẹ títí. "Kò purọ́ fún mi rí," ló wí, ó sì tú okùn.

Kàúsárà rìn yí ilé po, ó fò sókè, kò dùn ún. Wúlẹ̀mọ̀tù jó. Nígbà tí Jùwọ́n béèrè lórí fóònù bóyá dókítà ti fọwọ́ sí i, ó ní, "Bàbá rẹ̀ ti tú u," ó sì pa fóònù.

L'Ábẹ́òkúta, Kàúsárà ló wà níwájú gbogbo wọn. Wúlẹ̀mọ̀tù ti dìde, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ náà dún bí igi gbígbẹ.

Irin ni wọ́n fi tò ó ní ọsibítù, ẹsẹ̀ náà sì kúrú sí èkejì. Akínkúnmi wá wò ó níbẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn ní, "Á rìn, Ìyá. Eré sísá ti parí."

Ṣẹ̀rífù gbọ́, ó jókòó ti adìẹ pupa títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Rírìn ni adìẹ sọ," ló wí nígbà tó yá. "Gbogbo ẹni tí mo ti ń tò láyé mi, kí wọ́n lè rìn ni wọ́n ṣe wá. Mi ò bi í léèrè eré."

Láti ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan eegun mọ́. Wọ́n á gbé aláìsàn dé, á kọjú sógiri. "Ẹ gbé e lọ s'Ílíṣàn." Kò jẹ́ kí wọ́n pa adìẹ pupa. Adìẹ náà ń rìn káàkiri ọgbà, Ṣẹ̀rífù ń wò ó. Kò pe Kàúsárà ní ìyàwó mi mọ́, Kàúsárà náà ò sì bá a ṣeré mọ́. Oúnjẹ ń wọlé fún Ṣẹ̀rífù, wọ́n ń gbé e jáde bó ṣe wà. Wúlẹ̀mọ̀tù ò lè wé obì lẹ́yìnkùlé mọ́, torí igbe tó ké láàárọ̀ ọjọ́ tí adìẹ walẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbá, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lórí ẹní. Ó tutù. Ó mi í, kò dáhùn. Ó gbé fóònù pe àlùfáà, kò wọlé. Òpin abúlé sì ni Alùfáà Yúnúsà ń gbé.

"Kàúsárà!" ni ẹnu rẹ̀ ké fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń ké e tẹ́lẹ̀. "Kàúsárà, sáré lọ pe—"

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ láti yàrá, ẹsẹ̀ kan wúwo, ẹsẹ̀ kan fúyẹ́. Ọmọ náà fọwọ́ di ògiri mú títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo bàbá rẹ̀ àgbà lórí ẹní. Ó wo ìyá rẹ̀ àgbà.

Wúlẹ̀mọ̀tù mú ìborùn rẹ̀, ó da á borí, ó sì jáde lọ fúnra rẹ̀.