Ọ̀yájú Lẹ́nu Ìyàwó Ilé

Germaine ti ro ààlà tí kò ní jẹ́ kí iná oko wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá ìdajì kí oòrùn tó yọ lórí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọkọ́ họ koríko gbígbẹ títí erùpẹ̀ pupa fi hàn. Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni igi kajú tí Célestin, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, gbìn wà. Igi wọ̀nyẹn ló ń bọ́ àwọn ọmọ. Lọ́wọ́ òsì ni oko Boris, àbúrò ọkọ rẹ̀, wà. Àká iṣu Boris dá dúró láàárín oko náà, koríko sì yí i ká.

Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an nígbà tí Boris gun alùpùpù dé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa ìṣáná yọ.

"Ìyàwó, o kú iṣẹ́ o! O ń họ ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sin òkú."

"Ẹ kú àbọ̀, ọkọ mi. Ṣé kì í ṣe pé ìsinsìnyí lẹ fẹ́ sun oko?"

"Ìsinsìnyí ni. Iná tí èmi Boris bá dá, ibi tí mo bá ní kó dúró ló máa dúró."

Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹnìkan kì í sun oko àfi lírọ̀lẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, tí olóko ìtòsí sì ti mú ẹ̀ka tútù dúró. Kálukú á ti ro ìdí ohun tí kò fẹ́ kí iná jó. Boris kò ro nǹkan kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ro ìdí àká yín. Màá bá yín ro ó."

Boris rẹ́rìn-ín. "Ojo! Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń bẹ̀rù náà nìyí, ìyẹn ni oko rẹ̀ ò fi tóbi."

Germaine nàró. Nílé ọkọ rẹ̀, òkè ni ọ̀rọ̀ náà "ọ̀yájú" ti ń sọ̀ kalẹ̀: bàbá ló ń sọ ọ́ sí ọmọ, ìyá ọkọ ló ń sọ ọ́ sí ìyàwó. Ìyàwó tó bá sọ ọ́ sí ọmọ ilé, òun gan-an ló yájú, ẹbí sì lè gba ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo igi kajú rẹ̀.

"Ọ̀yájú lẹ ń ṣe yìí, ọkọ mi. Ẹni tó láyà máa ń wo ohun tó fẹ́ dojú kọ. Ẹ ò wo afẹ́fẹ́, ẹ ò sì wo àká yín."

Ìyá Àdìjá, àǹtí bàbá Boris àti Célestin, tó ń ṣẹ́gi nítòsí, ju igi sílẹ̀. "Germaine! Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan, ìyá?" ni Boris wí. "Ó dáa. A máa mọ ẹni tó ni igi kajú yìí."

Ó ṣá ìṣáná.

Iná náà ń ṣe jẹ́jẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ gbé e, ó doríkọ ibi tí ààlà kò tíì dé. Germaine ń họ ilẹ̀ níwájú rẹ̀, Ìyá Àdìjá ń fi ẹ̀ka tútù lù ú. Iná náà dé orí erùpẹ̀ pupa, kò rí nǹkan jẹ, ó kú. Ṣùgbọ́n apá kejì rẹ̀ ti yí sẹ́yìn, ó gba ọ̀nà àká Boris lọ. Boris bọ́ ẹ̀wù, ó ń fi lu iná, òfo ni. Òórùn iṣu sísun gba gbogbo oko, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣe é jẹ nínú rẹ̀.

Germaine kúnlẹ̀ fún Ìyá Àdìjá. "Ẹ foríjì mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ju ẹnu mi lọ."

"Ṣé o kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ ni?"

"Rárá, ìyá. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà; pé ó ti ẹnu mi jáde ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún."

Ìyá Àdìjá wo àká tó ń jó títí. "Dìde. Boris, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti kékeré ni ìyàwó bá mi sọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi kajú rẹ̀."

Boris ju ẹ̀wù tó jó náà sílẹ̀.

Ààlà ṣì ku díẹ̀. Germaine ro ó tán, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ọkọ́, ó gbé e kọ́ èjìká. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ Boris, ó dúró.

"Iṣu wà nílé, ọkọ mi. Ẹ wá jẹun lálẹ́."

Ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.