Róòsì Tí A Kò Gbọdọ̀ Da Aṣọ Bò

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Aune fi ń mú róòsì igbó pọ̀ mọ́ róòsì ọgbà ní Kajaani, ìlú olótùútù kan lókè àríwá ayé, kí ó lè rí irú róòsì tuntun kan tí yóò rẹwà bí ti ọgbà, tí òtútù kò sì ní lè pa. Ìgbà òtútù yìí ni ìdánwò ìkẹyìn. Bàbá Eino tó ni ilẹ̀ ti sọ ọ́ pé bí kò bá sí èyí tó yè, ọ̀dùnkún lòun yóò gbìn síbẹ̀.

Aṣọ ìbora ni òjò dídì jẹ́ fún igi. Èyí tó bá sùn sábẹ́ rẹ̀ kò mọ òtútù. Ìdí nìyẹn tí Aune fi ń gbá a kúrò lára ogójì igi rẹ̀ láràárọ̀, kí òtútù lè dán wọn wò.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣubú tó dá lẹ́sẹ̀, Aune lọ tọ́jú rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ gbígbá náà lé Veikko, aládùúgbò rẹ̀, lọ́wọ́. Ọkàn Veikko a máa lù kì-kì-kì bó bá ti gbóhùn Aune. Ọjọ́ tí òtútù wálẹ̀ dé ogójì lábẹ́ òdo, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó wa òjò dídì bo gbogbo wọn.

Aune dé. “Veikko! Kí lo fi àwọn igi mi ṣe?”

“Àánú wọn ló ṣe mí. Irun imú mi pàápàá dì!”

“Ta ló bi ọ́ léèrè irun imú? O ti fún wọn ní ìdáhùn ìdánwò! Kí ni n ó fi han Bàbá Eino?”

Veikko gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ lé èjìká. Ó pa dà sílé bí adìyẹ tí òjò pa.

Oṣù karùn-ún dé, òjò dídì yọ́. Aune àti Bàbá Eino jọ wo àwọn igi náà. Láti orúnkún wálẹ̀, tútù yọ̀yọ̀ ni wọ́n. Láti orúnkún lọ sókè, dúdú bí èédú. Ibi tí òkìtì Veikko mọ nìyẹn. Àfi igi kan. Bàbá Eino fi èékánná ha orí rẹ̀. Àwọ̀ ewé yọ.

“Ṣé orí èyí wà níta?”

“Ó wà níta, Bàbá. Nínú òtútù ogójì yẹn.”

“Ọ̀dùnkún á ṣì ní sùúrù, ọmọ mi.”

Aune sáré lọ kan ilẹ̀kùn Veikko.

“Wá wo nǹkan, ìwọ aláàánú burúkú yìí.”

“Ṣé o ṣì ń bínú?”

“Mò ń bínú dáadáa. Wọ bàtà.”

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ dé ìdí igi náà, ó gbé e lé èèhù pupa kan tó ń yọ. Veikko kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Aune náà kò sì fa ọwọ́ tirẹ̀ kúrò.