Òkúta Tó Di Mọ́tò Grégoire Mú

Grégoire ti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bọ inú ihò rẹ̀, ó fẹ́ yí i, kò yí. Ó fà á yọ, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Pàbó. Lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ báàṣì, aṣọ tapólì tó bo ẹ̀yìn mọ́tò, Victoire ìyàwó rẹ̀ ké lóhùn tí kò jọ tirẹ̀ mọ́.

"Kí ló ń dá wa dúró?" Perpétue, ìyá Victoire, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan.

"Kò sí nǹkan, Ìyá. A ti ń lọ."

Irọ́ ni. Nígbà tí Victoire lóyún àkọ́kọ́, ibùsùn onígi ni wọ́n fi gbé e sọ̀kalẹ̀ òkè, tí àwọn ọkùnrin ń pààrọ̀ èjìká. Ojú ọ̀nà ló bímọ sí, ọmọ náà kò sì yè. Ìdí nìyẹn tí Grégoire fi lọ kọ́ mọ́tò wíwà ní Bohicon, tó sì ta iṣu títí ó fi ra àlòkù yìí. Ó ti ṣèlérí fún àna rẹ̀ pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. "Mọ́tò wà nílẹ̀," ló máa ń wí. Mọ́tò wà nílẹ̀ lóòótọ́, kò kàn fẹ́ kúrò nílẹ̀ ni.

Ìjánu ọwọ́ mọ́tò náà ti kú tipẹ́. Àwọn tó ń gbé orí òkè lẹ́yìn abúlé Lèma mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀: wọ́n á yí ẹsẹ̀ iwájú sápá òkè, wọ́n á jẹ́ kí táyà rọra fara ti òkúta, ó tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Grégoire lóko lọ́sàn-án yìí pé ìrọbí ti mú ìyàwó rẹ̀, ta ló ráyè rọra? Eré burúkú ló bá dé. Ó fi táyà gbá òkúta ńlá tó wà níwájú ilé Perpétue, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sáré wọlé. Òkúta yìí kì í sì í ṣe òkúta lásán. Ibẹ̀ ni àwọn ará ilé náà ti máa ń ta omi sílẹ̀ fún àwọn òkú wọn láàárọ̀, kí wọ́n tó gbéra lọ sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Èrò pé jọ. Gbogbo ẹni tí kò jókòó nínú mọ́tò rí ló di mẹkaníìkì. Ẹnì kan ní kó da epo sí ojú kọ́kọ́rọ́, ẹlòmíràn ní kó gbá a. Grégoire da epo sí i, asán ni. Ó wá fi gbogbo agbára yí i, ó sì rí i tí irin tín-ín-rín náà fẹ́ tẹ̀. Ó jáwọ́ kíá. Bó bá kán sínú ibẹ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

"Òkúta yẹn ló dì í mú," Perpétue ní. "O kọlù àwọn òkú wa, o ò kí wọn. Ẹ bu omi wá!"

Inú bí Grégoire, ṣùgbọ́n ta ní í jágbe mọ́ àna rẹ̀? Ó bojú wo táyà láti fi pa ìbínú náà mọ́ra. Ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti là. Táyà ti gun òkúta náà dé ìdajì.

Ẹni tó kọ́ ọ ní mọ́tò ti sọ fún un rí nípa antivol, irin tó máa ń há volant tí a fi ń darí mọ́tò, bí a bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, kí olè má baà gbé e lọ. Bí nǹkan bá ń ti ẹsẹ̀ mọ́tò, volant á tẹ irin náà mọ́lẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ò ní yí àfi bí a bá kọ́kọ́ mi volant. Grégoire ti mì í títí. Báwo ni yóò ṣe mì, nígbà tí gbogbo ìwúwo mọ́tò wà lórí òkúta?

"Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá," ó ní. "Òkúta ló dì í mú."

Wọ́n ní láti ti mọ́tò náà padà sókè díẹ̀. Iwájú rẹ̀ nìkan, ní ìsàlẹ̀, ni wọ́n sì ti lè tì í. Benoît àbúrò Grégoire àti ọkùnrin mẹ́ta bọ́ síbẹ̀. Bí ọwọ́ wọn bá yẹ̀, tí táyà fo òkúta náà kọjá, orí wọn ni yóò gbà. Ẹ̀jẹ̀ sì ti ń dà lára Victoire, wọn kò lè gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò mọ́.

Perpétue na ọwọ́ jáde lábẹ́ báàṣì, ó ta omi sórí òkúta, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Grégoire ya àmì àgbélébùú. Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ṣa èyí tí yóò ṣe.

"Ó yá!" Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìjánu.

Wọ́n tì í. Mọ́tò sún díẹ̀. Grégoire ń fi ọwọ́ òsì mi volant, ó ń fi ọ̀tún wá kọ́kọ́rọ́. Ẹsẹ̀ Benoît yọ̀. Mọ́tò já padà lu òkúta, Victoire figbe ta, Grégoire sì tẹ ìjánu mọ́lẹ̀. Ó rí ojú Benoît láti inú dígí iwájú, ó là sílẹ̀ funfun báláú.

"Ẹ tún tì í! Ẹ jọ̀ọ́!"

Wọ́n tún tì í. Volant mì, kọ́kọ́rọ́ yí. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dáhùn. Àwọn ọkùnrin náà fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, Grégoire yí volant kúrò lára òkúta, ó sì wà á sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú Dassa.

Ní ilé ìgbẹ̀bí wọ́n gbé Victoire wọlé. Ẹnì kan ké sí Grégoire láti ẹnu ọ̀nà pé kó pa mọ́tò. Ó mi orí, kò pa á. Bí wọ́n bá ní kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Abomey, tí kọ́kọ́rọ́ ò sì yí ńkọ́? Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ìyẹn nìkan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń pariwo, kò ní gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn. Ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ́kọ́rọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìjánu.

Perpétue jáde wá, ẹ̀jẹ̀ ní ìró rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì, Grégoire kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mi orí pé òun kò fẹ́ gbọ́. Ìyá náà na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó di ọwọ́ àna rẹ̀ mú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ó sì yí i.

Mọ́tò dákẹ́. Ọmọ kan ń ké nínú ilé, ohùn rẹ̀ ti há.

"Ó ti ń ké tipẹ́," Perpétue ní. "Ìyá rẹ̀ ní kí n wá pè ọ́."